Ọmọ Ta Ni? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwé Ìtàn Tí Ẹ̀rọ Ń Bá Wa Kọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè má dùn mọ́ àwọn kan nínú àwọn akọ̀wé wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí ń fi àkókò wọn sin ẹgbẹ́ láìgba owó. Kí wọ́n má ṣe bínú sí mi. Nítorí wọn gan-an ni mo ṣe ń sọ ọ́.

Ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, wọ́n fi ìwé kan ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó wọ inú àkójọ ìwé ìdílé kan. Ojú ewé mẹ́rin ni. Faransé inú rẹ̀ gún régé, kò sí àṣìkọ kan níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí baba ńlá wa tẹ̀dó sí ẹsẹ̀ òkè, ó to àwọn tó ti jẹ lẹ́sẹẹsẹ, ó sì kọ ọdún tí olúkúlùkù gorí ìtẹ́ àti ọdún tí ó wàjà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo kà á dé ìdajì kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í fu mí. Àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ta ló wà lórí òkè Ìdáàṣà láyé àtijọ́ tí ń fi kàlẹ́ńdà òyìnbó ka ọjọ́ tí ọba wàjà? Lẹ́yìn náà ni mo rí orúkọ kan tí n kò gbọ́ rí.

A ka ìwé náà sí etígbọ̀ọ́ àwọn àgbà ní agbo ilé. Nígbà tí a dé orí orúkọ yẹn, ìyá àgbà kan tí ó máa ń ki oríkì ìdílé náà gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ẹ dúró ná. Èyí, ọmọ ta ni?" Akọ̀wé wo inú ìwé, kò rí i. Ìyá tún bi í pé, "Ta ni ìyá rẹ̀? Ibo ni wọ́n sin ín sí?" Ọ̀dọ́mọkùnrin náà yọ fóònù rẹ̀, ó tẹ ìbéèrè sí i, kí a tó ṣẹ́jú, ìdáhùn ti dé: orúkọ ìyá, ìlú ìyá, àní ogun tí ọmọ náà jà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, mo ní kí ó tún bi í léèrè. Ẹ̀rọ náà fún wa ní ìyá mìíràn. Nígbà tí a sọ fún un pé èyí kò bá ti àárọ̀ mu, ó tọrọ àforíjì tìtẹríba-tìtẹríba, ó sì mú ìyá kẹta wá.

N kò ní í kọ orúkọ ọba tí kò jẹ rí yẹn síhìn-ín. Ìdí rẹ̀ yóò yé yín níwájú.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n gbè sẹ́yìn akọ̀wé yẹn díẹ̀. Iṣẹ́ oṣù ló ń ṣe ní Kútọnu, alẹ́ ló fi ń ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, àwọn aṣòfin wa ní Àjàṣẹ́ dìbò fún òfin tó fi ìlànà lélẹ̀ fún ipò ọba àti ìjòyè ìbílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Nígbà tí òfin bá sì bá ọ̀rọ̀ oyè wí báyìí, kò sí ìdílé tí kì í wá ìwé: ìwé ìtàn, ìwé ìran, ìwé tí yóò fi hàn pé àwọn baba rẹ̀ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí ó mú ti ìdílé yìí wá láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ta ni nínú wa tí ì bá ti ibi iṣẹ́ wọkọ̀, kí ó lọ bi àwọn àgbà léèrè, kí ó sì padà kọ ọ́, láàárín ọjọ́ mẹ́ta? Ẹ̀rọ wà lápò rẹ̀. Ó bi í, ó sì dá a lóhùn. Bí ẹ̀bi bá wà, àwa tí a fún un ní ọjọ́ mẹ́ta pín nínú rẹ̀.

Ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí àwọn tó ń sọ Faransé ń pè ní IA, kì í ṣe òpìtàn. Wọ́n ti fi ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé bọ́ ọ, ó sì ti kọ́ láti inú wọn irú ọ̀rọ̀ tí ó sábà máa ń tẹ̀lé òmíràn. Bí o bá bi í ní ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ̀wé lé lórí, ìdáhùn rẹ̀ sábà máa ń dára. Bí o bá bi í ní ohun tí ìwé rẹ̀ kò tó nǹkan, kì í fẹ́ dákẹ́. Ohun tó bá jọ ọ́ ni yóò fi dí àlàfo náà, ohùn tí ó fi ń sọ òtítọ́ ni yóò sì fi sọ ọ́. Àgbà tí ọ̀rọ̀ kò bá dá lójú a wúkọ́, a ní "wọ́n ní," a ní "èmi kò sí níbẹ̀." Láti inú ìwúkọ́ yẹn la ti ń mọ ibi tí ìtàn ti gbọgbẹ́. Ẹ̀rọ kì í sábà wúkọ́. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Aṣọ ẹ̀rọ yìí pọ̀, ó sì ń dán. Àkísà ni kò ní.

Ẹ wo orúkọ ìlú wa nìkan. Ìdáàṣà ni a ń pè é, Igbó Ìdáàṣà. Dassa-Zoumè ni ìwé ìjọba kọ ọ́, nítorí pé èdè Fọ̀n ni wọ́n fi túmọ̀ igbó inú rẹ̀. Nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé, ẹ ó rí Idaasha, ẹ ó rí Idaisa, Idaca àti Idaatcha. Ọmọ ilé mọ̀ pé ilé kan náà ni gbogbo wọn. Ẹ̀rọ lè sọ wọ́n di ẹ̀yà mẹ́rin. Ti baba ńlá wa, Jagun Olófin, tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Ìbàdàn àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, oyè ogun ni Jagun. Olófin ni wọ́n ń pe Odùduwà ní Ifẹ̀, Olófin kan sì tún wà ní Ìṣẹ̀rí tí àwọn ará Èkó so ìtàn wọn mọ́. Ìwé tí wọ́n ti kọ lórí àwọn wọ̀nyí pọ̀ ju èyí tí wọ́n kọ lórí tiwa lọ fíìfíì. Nítorí náà, bí akọ̀wé bá béèrè nípa Jagun Olófin, ẹ̀rọ lè bu ogun Ìbàdàn díẹ̀, adé Ifẹ̀ díẹ̀, omi Èkó díẹ̀, kí ó pò wọ́n pọ̀, kí ó sì gbé e fún wa gẹ́gẹ́ bí ìtàn Ìdáàṣà. Ìtàn ẹnu àwọn baba wa, tí ó so wá mọ́ ilẹ̀ Ẹ̀gbá, á wá di gbólóhùn kan ní ìsàlẹ̀ ewé. N kò tíì sọ̀rọ̀ àmì ohùn o. Láìsí àmì ni àwọn ìwé ìròyìn ń tẹ orúkọ Kábíyèsí Egbakotan. Ẹ̀rọ tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Ẹ̀gbá àti ẹgba, irú ìtumọ̀ wo ni kò ní í fi sí orúkọ ọba? Ààfin ló ni ìtumọ̀ orúkọ ọba, kì í ṣe fóònù.

Ohun kan wà tó dùn mí ju ìyẹn lọ. Ẹ bi ẹ̀rọ léèrè nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ ní àgbègbè àwọn òkè wa ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìtàn Àgbómẹ̀ ni yóò rọ́ fún yín. Yóò sọ pé Gezo jọba láti ọdún 1818 dé 1858, pé Glèlè jẹ lẹ́yìn rẹ̀ títí di 1889, bẹ́ẹ̀ ni, òótọ́ ni. Àwọn oníṣòwò, àwọn ajíhìnrere àti àwọn aṣojú ìjọba òyìnbó lọ sí Àgbómẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n kọ̀wé. Ta ló gun òkè wá bá àwọn baba wa tí wọ́n fara pamọ́ sáàárín àpáta nítorí ọmọ ogun Dàhọ̀mì? Ohun tí wọ́n rí lọ́jọ́ náà, orin àti oríkì ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, inú ìwé tí wọ́n fi bọ́ ẹ̀rọ kọ́ ló wà. N kò ní ìjà pẹ̀lú àwọn ará Àgbómẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti fi ọmọ fún wọn, tí a sì gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ, ẹnu ẹni tí ó lé wa gun òkè la ó tún ti máa gbọ́ ìtàn òkè náà.

Mo mẹ́nu kan òkè, mo rántí ẹlòmíràn nínú àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣe iṣẹ́ afinimọ̀nà. Nínú oṣù Kẹjọ, nígbà tí àwọn Kátólíìkì bá ń rọ́ wá sí ihò àpáta Arigbo, iṣẹ́ pọ̀ fún un. Ó fẹ́ mọ orúkọ òkè mọ́kànlélógójì tí a fi ń yangàn, kí ó lè kà wọ́n fún àlejò. Ẹ̀rọ fún un ní gbogbo rẹ̀, mọ́kànlélógójì géérégé. Ní àgbègbè wa, iye ọlá ni mọ́kànlélógójì, iye ohun tó pé, tí ó tó ọba. Àwọn tó kọ́kọ́ pe ìlú yìí bẹ́ẹ̀ kò mú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn òkè kan ní orúkọ àti òrìṣà tiwọn, ìdílé kan sì wà tí ń bọ wọ́n. Bí àlejò bá gbọ́ orúkọ tí ẹ̀rọ fi sọ òkè tí wọ́n ń bọ, tí ó sì tún un pè níwájú ẹni tí ń bọ ọ́, ojú ta ni yóò tì?

Ní Kétu, oyè kan wà tí wọ́n ń pè ní Baba Ẹlẹ́gùn. Àjogúnbá ni. Iṣẹ́ ẹni tó bá jẹ ẹ́ ni pé kí ó mọ ìtàn ìlú lórí, kí ó sì kà á síta nígbà tí Alákétu tuntun bá gorí ìtẹ́. Wọ́n gbà pé bí ó bá kà á já láìṣìṣe, èrè wà fún un. Bí ó bá fò ó tàbí tí ó bá yí i, ìyà yóò jẹ ẹ́, kì í sì ṣe ọwọ́ ènìyàn ni ìyà náà yóò ti wá. Mo máa ń ronú sí oyè yìí nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ní ọpọlọ ènìyàn náà ń gbàgbé, pé ẹ̀rọ sàn jù ú. Òótọ́ ni pé Baba Ẹlẹ́gùn lè gbàgbé. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ ilé rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó kọ́ ọ, ó lè pè é kí ó wá ṣàlàyé. Ìwé olójú ewé mẹ́rin tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, ta la ó pè? Ẹ̀rọ kò ní ilé. Akọ̀wé ní òun kọ́ ló sọ ọ́. Ẹgbẹ́ ní akọ̀wé ló kọ ọ́. Síbẹ̀, òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìkàwé tó àwa ará òkè ló fa èyí. Ní New York, ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, adájọ́ kan bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn agbẹjọ́rò méjì àti iléeṣẹ́ wọn. Wọ́n lo ChatGPT láti fi wá ẹjọ́ àtijọ́ tí yóò gbè wọ́n, ó fún wọn ní ẹjọ́ mẹ́fà tí kò sí ilé ẹjọ́ kankan tó dá wọn rí, pẹ̀lú orúkọ àti nọ́ńbà, wọ́n sì kó o síwájú adájọ́. Adájọ́ náà kò sọ pé èèwọ̀ ni ẹ̀rọ. Ohun tó sọ ni pé ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ló ni ìwé. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ gíga ní Lọ́ńdọ̀nù kìlọ̀ fún àwọn agbẹjọ́rò ibẹ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ kan náà. Nínú ọdún yẹn náà ni iléeṣẹ́ Deloitte gbà láti dá díẹ̀ padà nínú owó tí ìjọba Ọsirélíà san fún un lórí ìwé ìwádìí kan, nítorí pé wọ́n bá ìtọ́kasí ìwé tí kò sí láyé nínú rẹ̀. Nǹkan bí 440,000 dọ́là Ọsirélíà ni iṣẹ́ náà. Àwọn wọ̀nyí ní ibi ìkówèésí tí ènìyàn lè lọ yẹ̀ wò, àṣìṣe wọn sì hàn láàárín oṣù díẹ̀. Àwa ńkọ́? Àpótí ìwé tiwa ń mí, ó ń rìn, ó ń darúgbó. Bí ìyá àgbà ọjọ́ yẹn kò bá sí níjòókòó, ta ni ì bá ti gbé ọwọ́ sókè?

Ìdí tí n kò fi kọ orúkọ ọba yẹn nìyí. Ohun tí a bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ni wọn yóò fi bọ́ ẹ̀rọ mìíràn lọ́la. Ẹ̀rọ tuntun yóò rí i lójú òpó ẹgbẹ́ ọmọ Ìdáàṣà, yóò gbà pé ẹ̀rí ni, yóò sì sọ ọ́ fún ọmọ wa pẹ̀lú ìdánilójú. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ̀rọ tó dé. Pásítọ̀ Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní ọdún 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé, àbúrò rẹ̀ Obadiah tún un tò, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1921. Láti ìgbà náà ni àwọn òpìtàn ti ń kìlọ̀ pé kí a ṣọ́ra fún "ìtàn ẹnu àgbà" kan, nítorí pé inú ìwé Johnson ni àgbà náà ti kà á. Johnson ni orúkọ rẹ̀, a mọ ojú tó fi wo ayé, a mọ̀ pé Ọ̀yọ́ ló gbè sẹ́yìn, a lè bá a jiyàn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ ayé àtijọ́ ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún, èyí tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn. Èyí tí ń bí ẹgbẹ̀rún ọmọ lóòjọ́ ńkọ́? Mo ti rí àwòrán Jagun Olófin lórí fóònù ọmọ kan, pẹ̀lú adé ìlẹ̀kẹ̀ àti irùngbọ̀n funfun, ojú tí kò sí ẹni tó rí i rí. Àwòrán náà dára. Ẹ̀rù bà mí pé a ó rí i lára ògiri láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí náà wà níbẹ̀, n kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iléeṣẹ́ Samsung fòfin de irú ẹ̀rọ yìí lórí àwọn kọ̀ǹpútà iṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ kan ti da àṣírí iléeṣẹ́ sínú rẹ̀. Àwọn tí ń ṣe fóònù nìyẹn o. Akọ̀wé tí ó da ọ̀rọ̀ ìpàdé àwọn afọbajẹ sínú ẹ̀rọ pé kí ó bá òun kó o jọ sí ojú ewé kan, ó ti gbé e jáde kúrò nílé lọ sí ibi tí kò mọ̀. Ohun tí a kì í sọ níwájú àna, ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù.

Èmi fúnra mi máa ń lo ẹ̀rọ yìí. Bí mo bá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ìjọba, mo máa ń ní kí ó bá mi tún Faransé rẹ̀ ṣe, nítorí pé mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, mo sì lè mọ̀ bí ó bá yí i padà. Ibi tí n kò bá ti mọ ìdáhùn ni n kì í ti bi í. Ó lè jọ pé ìdàkejì ìyẹn ló yẹ kí a máa ṣe. Ṣùgbọ́n ibi tí a kò ti mọ̀ gan-an ni ìtàn wa wà, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ akọ̀wé wà: kí ó lọ, kí ó jókòó, kí ó gbọ́, kí ó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ibi tó ti sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tó sọ. Bí àgbà méjì bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ó kọ méjèèjì. Ọ̀dọ́ tí kò bá ṣe é rí kò ní í mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lọ́dún mẹ́wàá sí i, òun náà ni a ó máa pè ní àgbà.

Ìrìn yìí ń ná owó, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ lójú ara wa. Láti Kútọnu dé Ìdáàṣà jẹ́ nǹkan bí 200 kìlómítà. Ẹgbẹ́ wa ń dá owó aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́dọọdún, a ń ya bọ́ọ̀sì, a ń gba onílù. N kò rántí ọdún kan tí a yọ owó ọkọ̀ sọ́tọ̀ fún akọ̀wé kí ó lọ lo ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ àwọn àgbà pẹ̀lú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀. Mo ti kọ ọ́ sí akápò, mo sì ń dúró de èsì. Kí ìpàdé tí ń bọ̀ yọ owó yẹn, kí a sì fi í sínú òfin ẹgbẹ́ pé kò sí orúkọ ọba tí yóò wọ ìwé tí a fi òǹtẹ̀ lù bí kò bá ní ènìyàn alààyè tàbí ìwé tí a lè nà ní ọwọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Akọ̀wé tí kò bá rí ẹlẹ́rìí, kí ó fi àyè sílẹ̀. Kí àwọn tó ń bínú sí àyè òfìfo bínú sí èmi.

Ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn padà lọ sí agbo ilé náà lẹ́yìn oṣù kan, owó ara rẹ̀ ló fi wọkọ̀. Ó lo ọjọ́ mẹ́rin lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ojú ewé mẹ́rin náà ti di méjì báyìí, Faransé rẹ̀ kò dán bíi ti tẹ́lẹ̀, orúkọ àwọn tó sọ̀rọ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ìwé. Kò sí ọdún kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọba àkọ́kọ́. Láàárín ọba méjì kan, ó fi àyè kan sílẹ̀, ó sì fi lẹ́ẹ̀dì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ní ẹnì kan jẹ níhìn-ín, oríkì rẹ̀ ni òun rántí, orúkọ rẹ̀ ti lọ. Ó ní kí a bi àbúrò òun obìnrin tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ léèrè. A kò tíì lọ.